Àgbò Wo Ló Tóbi Jù? Ọjọ́ Tí A Fi Téèpù Télọ̀ Wọn Àgùntàn Ìyá Àgbà

   Ọ̀rọ̀ àgùntàn la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ níbẹ̀ pé, "Àgùntàn kẹ̀? Èmi tí mò ń gbé ní Sùúrùlérè?" Ẹ ní sùúrù fún mi. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ta ni kì í wo àgbò nínú wa? A máa ń ya fọ́tò rẹ̀, a máa ń gbé e sórí status, a sì máa ń fi ẹni tó ra kékeré ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ sọ iye kílò tí àgbò tí ẹ rà kẹ́yìn wọ̀n, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Èmi náà kò lè dáhùn tẹ́lẹ̀.

Ohun tó là mí lójú rèé. Iléyá ọdún 2025 bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lọ kí ìyá àgbà mi ní abúlé wa tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Àgùntàn méje ni wọ́n ní nígbà yẹn: abo mẹ́rin, ọmọ kan, àti àgbò méjì. Àgbò kan ní ìwo tó ti lọ́ dáadáa, irun ọrùn rẹ̀ kún bí ti kìnnìún, ikùn rẹ̀ sì tóbi rọ̀gbọ̀dọ̀. Oníwo là ń pè é. Èkejì dúdú, ìwo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, irun rẹ̀ mọ́ ara, kò sì sí ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Dúdú lorúkọ tiẹ̀.

Alárobọ̀ kan gun ọ̀kadà wá sí ilé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó wo àwọn ẹran náà, ó kí ìyá àgbà dáadáa, ó ní òun á san 160,000 náírà lórí Oníwo, àti 110,000 lórí Dúdú. Ó ní kí ìyá má bínú, pé Dúdú kéré, pé àánú ni òun fi ń rà á. Ìjì ti ká páànù iyàrá méjì lọ lóṣù tó ṣáájú, ìyá àgbà sì ti ń ronú ibi tí owó páànù máa ti wá. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti gbà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa wo ohun tí ọwọ́ èèyàn ń ṣe nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe fídíò nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí alárobọ̀ yìí ń yin Oníwo, ẹ̀yìn Dúdú ni ọwọ́ rẹ̀ wà. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ egungun ìhà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dẹ̀ ẹ́. Kò fọwọ́ kan Oníwo rárá.

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọ̀n wọ́n ná."

Alárobọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ọmọ yín fẹ́ rán bùbá fún àgbò ni?"

Kò kúkú jìnnà sí òótọ́, nítorí ilé kejì ni mo sá lọ, mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ ibẹ̀.

Ohun tí a máa ń wọ̀n lára àgùntàn pọ̀. Ní ọdún 2012, àjọ FAO tẹ ìwé ìlànà kan jáde lórí bí a ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ ìrísí àti ìwọ̀n ara ẹran ọ̀sìn ìbílẹ̀, kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè mọ ohun tó ní kó tó pòórá. Gígùn ara wà níbẹ̀, gíga wà níbẹ̀, ìyíká àyà wà níbẹ̀, títí dé gígùn etí. Fún àgbò tí a fẹ́ fi ṣe bàbá àwọn ọmọ, wọ́n tún máa ń wọn ìyíká ẹpọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àgbò tí ẹpọ̀n rẹ̀ bá kéré ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kì í sábà lè gun abo púpọ̀ kí gbogbo wọn sì lóyún.

Ní tiwa lọ́jọ́ náà, nǹkan mẹ́ta péré la wọ̀n. Bọ̀dá Wàsíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, di ẹran mú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dúró déédéé, orí kò gbọdọ̀ wà lókè jù tàbí nílẹ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni gíga, láti ilẹ̀ títí dé ibi tí egungun èjìká méjèèjì ti pàdé lẹ́yìn ọrùn. Èkejì ni gígùn, láti sóńsó èjìká níwájú títí dé egungun ìdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù. Ẹ̀kẹta ni ìyíká àyà: ẹ yí téèpù ká ara ẹran lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gẹ́ẹ́, ẹ fà á kó mọ́ ara, ṣùgbọ́n kó má fún un. Bí irun ọrùn bá gùn dé ibẹ̀, abẹ́ irun ni téèpù ń gbà.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyíká àyà ló ń sọ òótọ́ jù. Ẹ wò ó báyìí: gíga jẹ́ ti egungun. Bí àgùntàn bá ti dàgbà tán, tí ebi wá pa á fún oṣù mẹ́ta, tàbí tí aràn inú ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, gíga rẹ̀ kì í dín. Ẹran á gbẹ tán, á ṣì ga bó ṣe ga. Ṣùgbọ́n àyà ni ẹran ara àti ọ̀rá wà, ibẹ̀ ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Ìyẹn máa ń gbòòrò bí ẹran bá ń jẹun kánú, ó sì máa ń sún kì bí nǹkan bá ṣe é.

Ó yá, ẹ ṣí ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín. Ẹ fi ìyíká àyà lọ́nà ara rẹ̀, ẹ fi gígùn ara lọ́nà ohun tó bá jáde, kí ẹ wá fi 10,800 pín in. Kílò ló máa bọ́ síta, bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà lẹ fi wọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìṣirò dáadáa á ti rí ìdí rẹ̀: ara àgùntàn dà bí àgbá omi tí wọ́n dùbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ìyíká lẹ́ẹ̀mejì tí a sì ń lo gígùn lẹ́ẹ̀kan. Láyé pọ́ùn àti ínǹṣì, 300 ni wọ́n fi ń pín in.

Oníwo: ìyíká àyà 64, gígùn 54. 64 lọ́nà 64 jẹ́ 4,096. Ẹ fi 54 lọ́nà rẹ̀, 221,184. Ẹ fi 10,800 pín in: bíi kílò 20.5.

Dúdú: ìyíká àyà 69, gígùn 57. 69 lọ́nà 69 jẹ́ 4,761. Ẹ fi 57 lọ́nà rẹ̀, 271,377. Ẹ fi 10,800 pín in: kílò 25 lé díẹ̀.

Ní ti gíga, ìyàtọ̀ wọn kò tó sẹ̀ǹtímítà kan. Àgbò tí wọ́n ní ó kéré yẹn ló wúwo jù.

Ìyá àgbà kò gbà. Wọ́n ní téèpù télọ̀ yẹn ti gbó, pé aṣọ tí wọ́n fi rán fún àwọn nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀ há lápá. Bọ̀dá Wàsíù wá lọ yá òṣùwọ̀n tí èèyàn máa ń gùn lé, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ládùúgbò. Ó gun orí rẹ̀ ní òun nìkan: 61. Ó gbé Oníwo mọ́ra, ó gun orí rẹ̀: 83. Ó gbé Dúdú, tí ìyẹn sì fi ìwo kékeré rẹ̀ kàn án nígbá àyà: 86. Ẹ yọ 61 kúrò, Oníwo jẹ́ 22, Dúdú jẹ́ 25.

Ẹ rí i pé ìṣirò téèpù jẹ Oníwo ní kílò kan àti ààbọ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Bí téèpù bá fi sẹ̀ǹtímítà kan péré yẹ̀ lára Dúdú, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò ló máa yí padà. Ikùn tó kún fún omi àti èèpo pákí náà máa ń da òṣùwọ̀n rú. Abo tó lóyún tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, òwúrọ̀ kùtù ni ká wọn ẹran, kó tó jẹun, kí ẹnìkan náà máa wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo, kó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà 10,800 yẹn pàápàá kì í ṣe ti àgùntàn tiwa ní pàtó. Iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí nípa ẹran ọ̀sìn ń ṣe, irú àwọn tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti FUNAAB ní Abẹ́òkúta, ni pé kí wọ́n fi òṣùwọ̀n àti téèpù wọn ọ̀pọ̀ ẹran ìbílẹ̀, kí wọ́n wá ìlà tó bá tiwa mu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àgbò méjì lẹ fẹ́ fi wéra wọn, téèpù télọ̀ tó.

Kí ló wá tan ojú wa jẹ? Ìwo ni. Irun ọrùn ni. Ikùn ni, èyí tí ó lè jẹ́ oúnjẹ, tó sì lè jẹ́ aràn. Nígbà tí èmi náà wá tẹ ẹ̀yìn Oníwo bí alárobọ̀ ṣe tẹ ti Dúdú, egungun rẹ̀ gún mi lọ́wọ́ bí eyín ìyarun. Ti Dúdú ti bò, èèyàn ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó rí egungun. Nǹkan kan tún wà. Bọ̀dá Wàsíù la ẹnu wọn. Àgùntàn kò ní eyín iwájú lókè, erìgì líle ló wà níbẹ̀. Mẹ́jọ ló ní nísàlẹ̀. Eyín ọmọdé kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ ní. Láàárín ọdún kan sí ọdún kan àti ààbọ̀, méjì àárín á bọ́, ńláńlá á hù dípò. Tó bá tó bí ọdún méjì, méjì míì. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi pé mẹ́jọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Oníwo ti pa eyín méjì dà. Dúdú kò tíì pa ọ̀kankan dà. Ìyá àgbà náà rántí pé ìgbà ààwẹ̀ 2024 ni wọ́n bí Dúdú, pé Oníwo ti ń jẹ koríko nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ọmọdé ni Dúdú sí Oníwo, ó sì fi kílò mẹ́ta jù ú lọ.

Ẹ wá pín owó yẹn. 160,000 lórí kílò 22, kílò kan Oníwo ju 7,200 náírà lọ. 110,000 lórí kílò 25, kílò kan Dúdú jẹ́ 4,400. Inú abúlé kan náà, ẹran kan náà, ọjọ́ kan náà.

Kí ẹ tó máa bú alárobọ̀, ẹ dúró. Olè kọ́ ni. Òun ló ń sanwó ọkọ̀, bí ẹran bá kú lọ́nà òun ló gbé e. Iye tó sì pe Oníwo, ó mọ̀ pé òun á rí i gbà ní Èkó, nítorí èmi àti ẹ̀yin la máa ń sanwó ìwo. Bí a bá dé ọjà ẹran, kò sí ẹni tó ń la ẹnu àgbò nínú wa, kò sí ẹni tó ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwo là ń wò, nítorí ìwo ló ń hàn nínú fọ́tò. Ìmọ̀ ọwọ́ alárobọ̀ yẹn ni òun fi ń jẹun, ìyá àgbà ni kò ní irú rẹ̀. Òfin ẹ̀sìn pàápàá kò béèrè ìwo ńlá: ọjọ́ orí àti àlàáfíà ẹran ló ń wò. Ọ̀pọ̀ àlùfáà gbà pé àgùntàn tó bá ti pé oṣù mẹ́fà tó sì sanra tó lè ṣe é, kó má ṣáà fọ́jú, kó má yarọ, kó má ṣàìsàn, kó má sì gbẹ kanrangbọn.

A tún máa ń fi àgùntàn ilé wé ti Òkè Ọya, èyí tí kò tọ́. Balami tó wá láti agbègbè Borno, funfun tó ga tí etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, lè wúwo ju ìlọ́po méjì àgùntàn tiwa lọ. Uda, tí iwájú rẹ̀ dúdú tàbí pupa tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, náà tóbi. Àgùntàn kúkúrú ti ìhà gúúsù kì í sábà ga ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, abo tó ti dàgbà sì máa ń wà láàárín kílò 20 sí 30. Ṣùgbọ́n ẹ mú Balami wá sí igbó wa, níbi tí eṣinṣin tsetse ti ń gbé àrùn tó ń mú ẹran gbẹ kiri, ẹ ó rí i bó ṣe máa rù. Tiwa lè gbé kòkòrò àrùn yẹn nínú ẹ̀jẹ̀, kó ṣì máa jẹ, kó ṣì máa bímọ. Kíkéré rẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kó tóbi sí i, inú àwọn tiwa náà la ti gbọ́dọ̀ ṣa èyí tó ń dàgbà jù.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Kí là ń ṣe lọ́dọọdún? Àgbò tó bá yára dàgbà ló máa ń kọ́kọ́ tó tà. A ó tà á ní Iléyá kó tó gun abo kankan tàbí lẹ́yìn tó gun ọ̀kan. Èyí tó kù sílé, tí kò sẹ́ni tó rà á, òun ló máa wá jẹ́ bàbá àwọn ọmọ ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ro ogún ọdún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń wọ̀n. Àwọn àgbà á kàn máa sọ pé àgùntàn ayé àtijọ́ tóbi jù báyìí lọ, àwa á ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Mo sọ èyí fún ìyá àgbà. Alárobọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo ìṣirò, ó sì ti gbé owó Dúdú dé 150,000 láìsí ẹni tó bi í. Ìyá àgbà dákẹ́. Wọ́n wo òkè ilé tí páànù ti ṣí. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ìwọ ń padà sí Èkó lọ́la. Èmi ni òjò máa pa."

N kò rí èsì fọ̀. Ó rọrùn láti mú téèpù dání nígbà tí ilé ẹni kò jò.

Wọ́n ta Oníwo ní 165,000. Wọ́n ní kí Dúdú dúró. Owó yẹn ra páànù iyàrá kan. Tapólì la fi bo èkejì, inú èyí tó ní páànù ni wọ́n kó gbogbo ẹrù sí. Oṣù kẹjọ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó rí owó èyí tó kù dá. Láàárín ìgbà náà, òjò èyíkéyìí tó bá rọ̀ ní Èkó lóru, n kì í lè sùn. Mo máa ń pe Bọ̀dá Wàsíù láti bi í bóyá ó ń rọ̀ níbẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, Bọ̀dá Wàsíù ń wọn gbogbo wọn ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èmi ń kọ ọ́ sínú tábìlì kan. Orúkọ, ọjọ́, àyà, gígùn, eyín. Dúdú dé 74 nígbà tí òjò ń parí lọ. Ẹ̀kọ́ kan tí n kò retí jáde níbẹ̀: abo kan tí gbogbo wa rò pé ó ń sanra, àyà rẹ̀ kò yí padà rárá fún oṣù mẹ́ta, ikùn nìkan ló ń tóbi, kò sì lóyún. Oògùn aràn la fún un, oṣù tó tẹ̀ lé e ni àyà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Dúdú kò sì ní pẹ́ lọ o. Ọ̀kan nínú àwọn abo yẹn ni ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin náà ń bọ̀ lọ́nà, kò sì yẹ kó máa gun wọn. A ti bá agbo kan ní abúlé kejì sọ̀rọ̀ pé ká ṣe pàṣípààrọ̀ àgbò.

Oyún oṣù márùn-ún ni àgùntàn ń gbé. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bí láti oṣù kọkànlá wá ni a gbà pé ti Dúdú ni, bí àgbò aládùúgbò kan kò bá yọ́ wọlé. Àwọn ẹran abúlé kì í gbọ́ tirẹ̀. Ẹ ó bi mí pé ṣé àwọn ọmọ Dúdú tóbi ju ti Oníwo lọ? Kò sí bí mo ṣe lè fi wé. Kò sí ẹni tó wọn ọmọ Oníwo kankan rí.

Ohùn àkọ́kọ́ tí Bọ̀dá Wàsíù fi ránṣẹ́ nípa wọn ṣì wà lórí fóònù mi. Ìbejì ni, abo kan, akọ kan. Inú àpò ìrẹsì ni ó kó wọn sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi òṣùwọ̀n àwọn ẹlẹ́ja gbé wọn kọ́: abo 1.6, akọ 1.8. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ gbọ́ ohùn ìyá àgbà, tí wọ́n ń pariwo pé kó sọ ọmọ ẹran kalẹ̀, pé ìyá rẹ̀ ń wá a, pé kó sì sọ fún Àṣàkẹ́ kó ra téèpù tuntun fún télọ̀, nítorí obìnrin náà ní òun kò lè fi èyí tó ń rùn bí àgbò wọn oníbàárà mọ́.